Ọkọ̀ Tí Mo Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Rẹ̀ ní Ore

Ojúlé wa,
Ẹ̀yìn ọjà, Odigbo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn Ìkórè.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Olúwagbémiga, mo sì kí ilé tí ẹ jọ ń gbé ní Pọtakọ́ọ̀tù. Kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Bí ó bá sì bá ọ nínú ìbínú, jọ̀wọ́ kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó pinnu bóyá ìbínú náà ṣì tọ́. Ní tèmi, ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń ṣe tirẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbàkígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ń jẹun lásìkò, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ kun yàrá fún mi. Mo mọ̀ pé Olúwagbémiga lọ dúró dè mí ní gáréèjì ní Sátidé, tó ń wo ojú gbogbo àgbà obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí o pè mí, ohun tí mo rí sọ kò ju pé n kò wá mọ́, pé kò sí ohun tó ṣe mí, pé màá kọ̀wé. O bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń pè, tí mo sì ń sọ fún ọ pé kí o dúró de ìwé. Má pè é ní agídí. Ìtàn ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, o sì mọ̀ pé n kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín. Awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ní gáréèjì Ore ni yóò bá mi mú ìwé yìí wá.

Ìkórè ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, Ìkórè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ. Ìwọ kò sí nílé, n kò sì sọ ọ́ fún ọ. O rántí bí a ti máa ń ṣe é: lẹ́yìn ìwàásù, Alàgbà Oyèdèjì á dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á máa pe ìdílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, akọrin á gbé orin tí ìdílé náà bá yàn. Bàbá, ìyá, ọmọ, àna, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn á tò, wọ́n á jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ wọn. Nígbà tí bàbá rẹ wà, òun ló máa ń ṣáájú wa, agbọ̀n iṣu lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò dé Yunifásítì rí. Èmi á tẹ̀ lé e, ìwọ á sì máa tijú bọ̀ lẹ́yìn wa. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe "Ìdílé Olóògbé Gabriel Akínbọ́dúnsẹ́". Mo dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan. Akọrin gbé orin tí bàbá rẹ fẹ́ràn. Ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀ṣì wa kò gùn, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò jẹ́ kí n yára, wọ́n sì ní láti tún ẹsẹ kan náà kọ, kí wọ́n tún un kọ, kí n tó dé iwájú. Gbogbo ìjọ ń wò mí, àánú sì wà lójú wọn. Mo lè fara da ikú. Àánú tí wọ́n fi ń wo ènìyàn láti apá ọ̀tún àti apá òsì, nígbà tí òun nìkan ń jó bọ̀ láàárín, òun ni n kò lè fara dà. Kí n tó padà dé ìjókòó mi, mo ti pinnu pé wọn kò tún ní í pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kejì kéré ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni tirẹ̀. O mọ àdúrà òwúrọ̀ ilé wa. Bàbá rẹ ló máa ń gbà á, àwa á ṣe Àmín. Lẹ́yìn tó lọ, n kò pa á tì. Mo ń kọ orin ní ohùn kan, mo ń ka Bíbélì sí etí ara mi, mo ń gbàdúrà. Nígbà tí mo bá dé òpin rẹ̀, ilé á dákẹ́. Màá wá ṣe Àmín fún ara mi, bí ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù tó tún sá lọ mú un. Mo kọ́kọ́ rò pé ó máa mọ́ mi lára. Kò mọ́ mi lára.

Nítorí náà, nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kíá ni mo dáhùn. O rò pé àdúrà rẹ ló gbà. Bóyá ó gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ọjọ́ tí èmi fúnra mi yàn láti rìnrìn àjò náà: Sátidé tí Ìkórè ku ọ̀la.

N kò fẹ́ kúrò níbí láì béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbààwẹ̀, mo sì bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó fi ọ̀nà hàn mí. N kò gbọ́ ohùn kankan. Àwọn aládùúgbò mi ló gbọ́. Ìyá Pamílẹ́rìn, eléwúrẹ́, wá láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, kò tilẹ̀ tíì bọ́ sùtánà, ó ní, "Màmá Moyọ̀, mo rí yín nínú ìran. Ẹ gbé ẹrù, ẹ ń gun ohun gíga kan, ìmọ́lẹ̀ sì wà níwájú yín. Ẹ máa lọ o! Ẹ má wẹ̀yìn!" Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Alàgbà Oyèdèjì wá sọ pé òun lá àlá, òun rí mi tí mo jókòó síwájú ilé yìí, mo ń bó ẹ̀gúsí, àlàáfíà sì hàn lójú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Pamílẹ́rìn ti ń wá ibi tí yóò kó ewúrẹ́ rẹ̀ sí. Alàgbà ní tirẹ̀ mọ adùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mi dáadáa. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ojú tí ènìyàn fi ń wá nǹkan ló máa ń fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà á. Bí ọ̀run sì ti dákẹ́ sí èmi fúnra mi, mo pe ìdákẹ́jẹ́ náà ní ìdáhùn, mo di ẹrù mi.

Nǹkan kan wà tí mo gbójú fò, ìyẹn oko Ajue. O rántí pé bàbá rẹ gé àwọn igi kòkó àtijọ́ tí bàbá tirẹ̀ gbìn, tó tún ilẹ̀ náà gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀, òun àti Waheed, ará Ìwó tó ń bá wa dá oko náà, tí a jọ ń pín ohun tó bá so. Mo bá a jà nígbà náà. Mo ní ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kì í gbin ohun tí yóò pẹ́ kí ó tó so. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyìn, èmi kọ́ ni mo máa mú un so." Kòkó náà kò tíì ga tó èjìká mi nígbà tó kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni n kò ti débẹ̀ mọ́. Waheed á fi ìpín wa nínú gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, èmi á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. N kò tilẹ̀ sọ fún un pé mo ń lọ. Mo ti fi oko náà lé àbúrò bàbá rẹ lọ́wọ́, mo rò pé màá pe Waheed lórí fóònù nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní Sátidé, mo ti ilé. Kọ́kọ́rọ́ géètì nìkan ni mo fún Ìyá Pamílẹ́rìn, nítorí ewúrẹ́. Mo dé Ore, mo rí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí ìlú yín, èmi ni mo sì gba ìjókòó tó kẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń bẹ agbèrò. Miracle ni orúkọ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú yín ló ń lọ, wọ́n sì ti wọlé láìsí òun. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sórí ẹrù. Agbèrò ní, "Sísítà, ọkọ̀ ti kún. Àfi bí o bá máa jókòó sórí mi." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò níbẹ̀.

O mọ bí Ore ti rí. Gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá; wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á ra ìpékeré, wọ́n á máa lọ. Nínú ọkọ̀ náà, ẹni tó wà níwájú mi gbé fóònù sétí, ó ní, "Mo ti wà ní Ore." Ẹni tó wà lẹ́yìn mi sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Èmi tí mo ń fi àgbègbè náà sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo di fóònù mi mú, n kò mọ ẹni tí mo lè pè láti sọ fún pé mo ń lọ. Ìwọ ń retí mi, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tí mo máa ń sọ fún pé mo ń jáde ti wà nínú ilẹ̀ ní Odigbo.

Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ariwo: "Màmá! Màmá Olùkọ́!" Waheed ni, lórí ọ̀kadà rẹ̀, agbọ̀n níwájú rẹ̀ lórí táǹkì, Rodiyat ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn Rodiyat. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Ajue ti bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Waheed dúró ti ọ̀kadà rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í yá a lẹ́nu. Rodiyat ló sáré wá sídìí fèrèsé.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ń lọ yìí? Ẹ dákun, ẹ dábọ̀, ẹ ò ní í lọ kí ẹ fi Ọlọ́run Bàbá sílẹ̀ sí wa lọ́rùn!"

N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó wá tò ó fún mi. Kòkó tuntun ti so. Láti ìgbà òjò ló ti so, ó ti pọ́n, wọn kò sì tíì já ìkankan nínú rẹ̀ àfi èyí tó wà nínú agbọ̀n náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín, bàbá rẹ kúnlẹ̀ nínú oko, ó ní ohun tí oko yìí bá kọ́kọ́ so, ti Ọlọ́run ni; iwájú pẹpẹ ni yóò lọ ní Ìkórè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù. Ó ní kí Waheed ṣe ẹlẹ́rìí òun. Mùsùlùmí ni Waheed, kò sì mọ̀ pé àwa onígbàgbọ́ máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tán kí a tó já èyí tí a máa fi sebẹ̀ lálẹ́. Ó gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ. Bí àkọ́so kò bá tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì, èèwọ̀ ni gbogbo oko. Ó gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn láti fi ṣíji bo kòkó náà wà nínú èèwọ̀ náà, kò gé e. Ti oko kejì tó ń dá níbòmíràn ló ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ìgbà yìí wá. Ojú sì ń tì í láti bá opó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ òkú, nígbà tí opó náà kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé oko. Ó ń retí mi. Bó ti ń retí ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ kòkó, tí èyí tó pọ́n jù ń dúdú lórí igi, ìpín tèmi àti tirẹ̀. Ọjà ni Rodiyat ti gbọ́ pé ọ̀la ni Ìkórè. Wọ́n já èyí tó dára jù, wọ́n gbé e wá sílé, Ìyá Pamílẹ́rìn sì sọ fún wọn pé mo ti lọ sí Ore, kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú.

Mo sọ fún Rodiyat pé kí wọ́n gbé agbọ̀n náà fún Alàgbà Oyèdèjì, pé yóò mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Ó wò mí bí èmi náà ti máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn ìbéèrè tí n kò bi í. Ó ní, "Màmá, bí ẹlòmíì bá gbé e lọ, orúkọ ta ni wọ́n máa pè?"

Moyọ̀, ìwọ náà wò ó. Orúkọ tí mo ń sá fún ni ọmọ yìí ń béèrè. Agbèrò ti ń gbá ara ọkọ̀: "Ìyá, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ? Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ilé àdúrà o!" Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá ronú. Ẹlòmíì dá a lóhùn pé kí màmá lọ ronú nílẹ̀.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ gan-an, nítorí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. N kò gbọ́ ohùn. Ara mi kò gbọ̀n, orí mi kò wú. Mo kàn rí i kedere pé mo ti yan ọ̀nà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí Ó fi ọ̀nà hàn mí. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo pè ní ìdáhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Ó ń dúró kí kòkó pọ́n ni. Mo dìde, mo sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹsẹ̀ mi kejì tó kanlẹ̀, Miracle ti jókòó.

Waheed bá mi wá ọlọ́kadà kan tí kì í sáré, a sì gba ọ̀nà Ajue lọ, nítorí mo rò pé n kò gbọdọ̀ gbé ohun tí n kò tíì fojú rí síwájú Ọlọ́run. Ọmọ mi, kòkó náà ti ga jù mí lọ. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ pàdé lókè orí mi. Èso rẹ̀ so mọ́ ara igi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó pọ́n yòò, bí àtùpà tí ẹnì kan tàn kọ́ síbẹ̀ tí kò sì padà wá pa. Mo sunkún níbẹ̀, ohun tí n kò ṣe nídìí ibojì. Nígbà tí mo sunkún tán, mo gbàdúrà sókè, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe lójú àwọn tọkọtaya náà. Mo dé òpin àdúrà. Mo ti la ẹnu láti ṣe Àmín tèmi bó ti mọ́ mi lẹ́nu, nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Àmí." Waheed ni. Rodiyat tẹ̀ lé e. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sọ tirẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ aṣọ òfì tí mo fi sin bàbá rẹ. Waheed àti Rodiyat dé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á gbé agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Alàgbà pe orúkọ náà bó ti pè é lọ́dún tó kọjá. Mo dìde, mo nawọ́ sí agbọ̀n, ó wúwo. Rodiyat ti dìde wá láti ìjókòó tó kẹ́yìn, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, híjáàbù rẹ̀ lórí. Ó ní, "Màmá, pẹ̀lú orúnkún wo?" Ó gbé e rù, ó sì tọ̀ mí lẹ́yìn. Waheed dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò sì lọ. Alàgbà Oyèdèjì ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu òun, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?" Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Rodiyat ti dáhùn láàárín ọ̀nà: "Èmi ni mo ru ẹrù Bàbá!" Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, akọrin sì gbé orin. Wọ́n ṣì ní láti tún ẹsẹ náà kọ léraléra, nítorí orúnkún mi kò yí padà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráyè fi àánú wò mí. Kòkó ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n yára padà sí Ajue, nítorí kòkó tó ti pẹ́ lórí igi kò ní í dúró dè wọ́n mọ́. Mo padà sílé. Mo fẹ́ sọ èyí fún ọ láì bò ó: ilé ṣì dákẹ́. Mo se oúnjẹ tó pọ̀ jù, bí mo ti máa ń ṣe, mo sì jẹ ẹ́ lémi nìkan. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹni tó bá ṣe ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kò ní í nìkan wà mọ́.

Ní àná ni Ìyá Pamílẹ́rìn wá. Ó ti gbọ́ pé mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fẹ́ gbọ́ ìyókù. Ó ní, "Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ṣé ó dojú dé?" Mo ní kò dojú dé. "Àbí àwọn ajínigbé ló dá wọn lọ́nà?" Mo ní wọ́n dé láyọ̀, ọmọ tó gba ìjókòó mi ti pè mí. "Gbogbo wọn?" Mo ní gbogbo wọn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́ o," bí ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rò ó dáadáa. Ọlọ́run tí mo ń sìn kò ní láti dojú ọkọ̀ ọmọ ọlọ́mọ dé kí Ó tó lè darí arúgbó kan. Ká ní mo lọ ni, èmi náà ì bá dé láyọ̀. Ǹ bá wà nínú yàrá tí ẹ kùn, àkọ́so bàbá rẹ ì bá sì jẹrà lórí igi, láìsí ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí Ọlọ́run, Waheed àti ọ̀kẹ́rẹ́.

Màá wá, Moyọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ká kòkó tán tó sì gbẹ, màá wá. N kò tíì mọ̀ bóyá wíwá dúró ni tàbí wíwá kí yín, n kò sì fẹ́ díbọ́n pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá máa bọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo kàn ń sá kúrò ní ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Mo mọ ohun tí ìwọ àti Olúwagbémiga ń dúró dè láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín. N kò béèrè rí, n kò sì ní í béèrè nínú ìwé yìí. N kò ní í sọ fún ọ pé ó ku díẹ̀, nítorí pé n kò mọ̀. Bàbá rẹ gbin ohun tí kò rí. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò ju èyí lọ: ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé Ọlọ́run kò sọ̀rọ̀, ẹnì kan tí n kò fọkàn sí ń ṣọ́ ohun tó jẹ́ tèmi nínú igbó Ajue, kò já a, kò jẹ ẹ́, ó ń dúró kí n dé.

Kí Olúwa pa ìwọ àti ọkọ rẹ mọ́. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má jẹ́ àṣedànù. Kí ohun tí ẹ ń retí dé ní àsìkò tí ọwọ́ yín yóò lè gbà á, kí sùúrù yín má sì tán kí ó tó dé. Kí ilé yín má ṣe aláìní ẹni tó ń fèsì. Bí o bá ka ibí yìí, Moyọ̀sọ́lá, má kà á sínú. Ṣe Àmín síta.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń dárúkọ rẹ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù,
Ìyìn Akínbọ́dúnsẹ́.

Àfikún: Kẹ́ẹ̀gì epo àti àpò gàrí tí mo dì fún ọ ti bá ọkọ̀ lọ, agbèrò ju báàgì mi nìkan sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Miracle ni wọ́n wà, nọ́ńbà mi tí mo kọ sára àpò náà ló fi pè mí, nọ́ńbà tirẹ̀ ni mo sì kọ sẹ́yìn ìwé yìí. Ó ní kí n má bínú, òun ti bù nínú gàrí náà. Mo ní kò burú, ìjókòó mi ló kúkú kọ́kọ́ gbà. Lọ gba ìyókù. Bí o bá sì fẹ́ pè mí, pè mí ní àsìkò àdúrà òwúrọ̀, kí o dúró títí màá fi gbà á dé òpin. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dára, ṣùgbọ́n Àmín kò gùn.